Ìwé Ìbéèrè Ọgọ́ta, Báírò Kan

Mo fẹ́ràn ohun tí a lè kà. Láti kékeré ni. Bí wọ́n bá rán mi lọ ra ata, màá ti ka ata náà kí n tó délé, màá sì mọ̀ bí ìyá aláta bá fi ẹyọ kan rẹ́ mi jẹ. Nítorí náà, nígbà tí mo lọ kẹ́kọ̀ọ́ gboyè kejì nínú ìmọ̀ nípa àwùjọ, tí wọ́n kọ́ wa pé ọ̀nà méjì ni a ń gbà ṣe ìwádìí, mi ò ronú jìnnà kí n tó mú tèmi. Àwọn kan ń kà, àwọn kan ń gbọ́. Àwọn tó ń kà gbà pé òtítọ́ wà níta gbangba, ó jókòó síbì kan, ó ń dúró de ẹni tó máa wá wọ̀n ọ́n. Àwọn tó ń gbọ́ ní inú ọmọ èèyàn ni òtítọ́ wà, kò sì ní jáde tí ẹnikẹ́ni ò bá jókòó tì í. Mo wo iṣẹ́ àwọn tó ń gbọ́, mo rí i pé ìjókòó inú rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ta ló fẹ́ fi odidi ọ̀sán gbọ́ ìtàn ìyá ẹlòmíràn? Mo bá àwọn tó ń kà lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kà ni ìtẹ́lọ́rùn. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ tẹ́ àwọn káṣúà lọ́rùn ní àwọn ilé iṣẹ́ tó tò láti Ìkẹjà dé Agége. Káṣúà ni òṣìṣẹ́ tí wọn ò fún ní lẹ́tà, tí wọ́n lè sọ fún ní ìrọ̀lẹ́ òní pé kó má wá mọ́ lọ́la. Mo kọ ìbéèrè ogún sínú ìwé, mo sì to nọ́ńbà sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan láti oókan dé àrún. Ẹni tó bá mú oókan kò gbà rárá. Ẹni tó bá mú àrún gbà tọkàntọkàn. Mo tún dọ́gbọ́n sí i: mo fi àwọn ìbéèrè kan tó tako ara wọn sínú rẹ̀, kí n lè dá ẹni tí kò ka ìwé náà dáadáa mọ̀. Mo rò pé ọgbọ́n mi ti pọ̀. Mo ṣe ẹ̀dà ọgọ́ta.

Ibi tí màá ti rí òṣìṣẹ́ ọgọ́ta kò dà mí láàmú, nítorí Màmá Ifákò wà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni wọ́n. Ilé wọn ní Ifákò-Ìjàyè gùn bí ọkọ̀ ojú irin: yàrá méje lọ́tùn-ún, yàrá méje lósì, kíṣìnnì kan lẹ́yìn. Àwọn ayálégbé ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òṣìṣẹ́ kọ́ńpìnnì tán, àwọn tó ń ṣe nàílọ́ọ̀nù, àwọn tó ń ṣe ìgò ike, àwọn tó ń ṣe bísíkíìtì. Àwọn tó bá kù, mo mọ̀ pé inú ìjọ aládùúrà Màmá la ó ti rí wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan nípa Màmá Ifákò. Wọn kì í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Bí wọ́n bá kí èèyàn lẹ́nu géètì, àwọn tó wà ní ìkángun àdúgbò lè dáhùn. Nínú ìdílé wa, "ohùn ṣọ́ọ̀ṣì" la máa ń pè é. A ní ọdún tí wọ́n ti ń kígbe àdúrà ti pọ̀ jù, ohùn náà ò mọ bí wọ́n ṣe ń padà sílẹ̀ mọ́. A máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ níbi ìkómọ, bàbá mi á sín wọn jẹ, àwọn náà á sì bá wa rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo kó ìwé mi dé ọ̀dọ̀ wọn, mo kúnlẹ̀.

"Ìwé kí lèyí?" wọ́n ní.

"Ìwé ìwádìí ni, Mà. Mo fẹ́ kí àwọn ará ilé yín bá mi dáhùn ẹ̀. Òun ni wọ́n máa fi fún mi lóyè."

"Òun ni wọ́n máa fi fún ẹ lóyè."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Gbé e síbẹ̀. Tìẹ ti tán."

Ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe. Ó yẹ kí n fi ọwọ́ ara mi pín ìwé náà láti yàrá dé yàrá. Ó yẹ kí n sọ fún ẹnìkọ̀ọ̀kan pé kò sí ìdáhùn tó dáa, kò sì sí èyí tí kò dáa. Wọ́n kọ́ wa bẹ́ẹ̀, mo sì ti gba máàkì gidi nínú ẹ̀kọ́ náà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ń dúró dè mí ní Òpèbí, níbi tí mo ti ń tẹ ìwé fún àwọn agbẹjọ́rò, ọ̀lẹ sì ti ràdọ̀ bò mí. Mo gbé e síbẹ̀ lóòótọ́, mo bá tèmi lọ.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìwé ti pé. Màmá ti fi aṣọ funfun dì í. Ọgọ́ta ni mo fún wọn, ọgọ́ta ni mo gbà, kò sí èyí tó ya, kò sí èyí tí epo kán sí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó fi ọwọ́ ara wọn pín tiwọn, ìdajì ni wọ́n rí gbà padà. Inú mi dùn débi pé mi ò tú u wò. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ti ní kí n jẹ́ kí òun fojú kan ìwé náà kí n tó kà á, mo bá gbé e fún wọn bí ẹni gbé ọmọ tuntun fún wòlíì.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tú aṣọ funfun náà. Wọ́n ṣí ìwé kan, wọ́n ṣí òmíràn. Wọ́n bọ́ jígí ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún un wọ̀.

"Báírò aláwọ̀ ewé ni gbogbo wọn fi kọ ọ́?"

Mo na ọrùn. Lóòótọ́, àmì aláwọ̀ ewé ló kún orí ìwé náà láti òkè délẹ̀, ọwọ́ kan náà, ìdúró kan náà. Àrún ni gbogbo rẹ̀. "Iṣẹ́ mi tẹ́ mi lọ́rùn": àrún. "Bí mo bá rí iṣẹ́ mìíràn lónìí, màá fi èyí sílẹ̀": àrún. "Ọ̀gá mi mọ orúkọ mi": àrún. "Ọ̀gá mi kò mọ̀ bóyá mo wá tàbí n kò wá": àrún. Mo ṣí ìwé bíi mẹ́wàá, bákan náà ni. Ọgbọ́n tí mo fi pamọ́ sínú ìbéèrè láti fi mú òpùrọ́, èmi ló mú.

"Mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí kí wọ́n tó bí ẹ," Ọ̀jọ̀gbọ́n ní. "Mo mọ ìwé tí ẹnìkan jókòó sínú yàrá kọ."

"Ẹ jọ̀ọ́, Sà, èmi kọ́ ni mo kọ ọ́."

"Ta wá ni?"

Mi ò mọ̀. Ohun tó burú nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn, mi ò mọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní òun fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Bí mi ò bá mú àlàyé wá ní Ọjọ́rú tó ń bọ̀, òun máa kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́. Ẹni tó bá parọ́ ìwádìí, wọn kì í fún un lóyè. Lílé ni wọ́n máa ń lé e, orúkọ rẹ̀ á sì wà nínú fáìlì títí láé. Ẹ̀rù bà mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi máa wọ kẹ̀kẹ́ ní Ògbà, inú tó ń bí mi ti ju ẹ̀rù lọ.

Màmá Ifákò wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Bí wọ́n ṣe rí mi, ojú wọn tàn.

"Akọ̀wé wa! Ṣé ó ti jáde?"

"Kí ló jáde, Mà?"

"Èsì ìdánwò ẹ."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti tú síta. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé tí mo gbé ìwé sílẹ̀, lẹ́yìn àdúrà, Màmá ti kéde pé ọmọ àwọn ní ìdánwò, àti pé ilé yìí ni wọ́n gbé ìdánwò náà fún. Wọ́n gbàdúrà lé ìwé náà lórí. Ọkùnrin kan wà ní yàrá ìkẹyìn tó ti ṣe tíṣà rí; òun ló wo nọ́ńbà, tó ní márùn-ún ló ga jù. Ó parí. Màmá yá báírò akọ̀wé ìjọ, wọ́n jókòó sídìí tábìlì, wọ́n ń pe àwọn èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á ka ìbéèrè, wọ́n á sì mú márùn-ún. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, wọ́n á bi í bóyá ó fẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ fẹ́ẹ̀lì ni. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ fẹ́ẹ̀lì.

Ó yẹ kí n rẹ́rìn-ín. Lónìí, mo lè rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú mi. Lọ́jọ́ yẹn, mo dúró lórí Màmá, ẹni tó gbé mi pọ̀n rí, mo ní, "Ẹ ti bà mí láyé jẹ́. Ta ló bẹ̀ yín níṣẹ́?"

Màmá gbé ojú kúrò lára mi, wọ́n kọ ojú sí ògiri, bí ẹni pé wọn ò fẹ́ wò mí mọ́. Wọ́n wá ní, "Tún un sọ."

Mo rò pé wọ́n ń pè mí níjà ni. Mo tún un sọ. Mo fi ohùn sí i, mo sọ ọ́ lọ́rọ̀ lọ́rọ̀, gbogbo yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá sì gbọ́. Ẹyin lohùn, mo rí i tó fọ́ sílẹ̀ níwájú mi. Màmá dá ọwọ́ dúró nínú ẹ̀wà. Wọn ò bínú. Ó sàn fún mi kí wọ́n bínú.

Ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ni obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ìbejì, ọjọ́ orí wa sún mọ́ra, ó ń di bísíkíìtì sínú páálí ní Ògbà. Ó yọ orí láti kíṣìnnì, orógùn wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àǹtí, nọ́ńbà wo la ò gbà níbẹ̀?"

Mo bú sẹ́kún. Mo sọ fún wọn pé wọ́n ní mo jókòó sínú yàrá kọ ọ́, pé wọ́n máa lé mi. Màmá gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀.

"Ọjọ́rú, a jọ ń lọ ni," wọ́n ní. "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́."

Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má wá. Ẹ wo ojútì tó fẹ́ bá mi! Ọmọ ogójì ọdún ó ku díẹ̀, tó mú ìyá lọ bá tíṣà. Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, Màmá ti wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì funfun látòkè délẹ̀, wọ́n ti di àmùrè aláwọ̀ ojú ọ̀run. Ìyá Ìbejì náà tẹ̀ lé wa, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ òru dé ni. Ó sùn sí èjìká mi nínú bọ́ọ̀sì, òórùn bísíkíìtì sì ń jáde lára rẹ̀. Màmá ní kí n máa ṣàlàyé ọ̀rọ̀ fún àwọn lọ́nà. Àwọn náà ń dáhùn pẹ̀lú ohùn ṣọ́ọ̀ṣì. Kí a tó dé Maryland tí a ti máa wọ ọkọ̀ mìíràn, gbogbo èrò ti mọ̀ pé wọ́n ní mo yí ìwé, bàbá kan lẹ́yìn sì ti gbàdúrà fún mi.

Bí Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe rí aṣọ funfun lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì wọn, wọ́n dìde, wọ́n tẹrí ba, wọ́n fa àga. Màmá ò jókòó. Wọ́n ṣí àpò, wọ́n yọ báírò aláwọ̀ ewé, wọ́n gbé e sórí tábìlì.

"Báírò náà rèé," Màmá ní. "Èmi ni mo kọ ọ́. Ọmọ yìí ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Tó bá jẹ́ lílé ni, èmi ni kí ẹ lé."

Ọ̀jọ̀gbọ́n wo báírò, wọ́n wo Màmá, wọ́n wò mí. Mo rí i pé wọ́n ń fi ẹ̀yìn ètè di ẹ̀rín mú. Wọ́n yíjú sí Ìyá Ìbejì, tó ń fi ògiri ṣe ìrọ̀rí.

"Ìyá wa, ẹ̀yin náà wà níbẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Sà."

"Ẹ ní iṣẹ́ yín tẹ́ yín lọ́rùn. Márùn-ún lẹ mú. Ṣé lóòótọ́ ni?"

Ìyá Ìbejì gbé orí kúrò lára ògiri. "Sà, iṣẹ́ kọ́ ni mo fún ní márùn-ún. Ọmọ Màmá yìí ni mo fún."

Ọ̀jọ̀gbọ́n ò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n mú báírò aláwọ̀ ewé náà, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ tí obìnrin náà sọ sí ẹ̀yìn ọ̀kan nínú ìwé mi, wọ́n tì í sọ́dọ̀ mi. "Nínú ọgọ́ta, èyí nìkan ni ìdáhùn tí mo rí," wọ́n ní. Wọ́n gbà pé mi ò parọ́. Wọ́n ní ọ̀lẹ ni mo ya, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Kí n kó ọgọ́ta dànù, kí n mú èèyàn méjìlá péré, kí n jókòó tì wọ́n, kí n gbọ́ wọn. Oṣù méjì ni mo ní. Méjìlá gbọ́dọ̀ pé. Bí kò bá pé, ọdún náà ti lọ nìyẹn, kò sì dájú pé ilé-ẹ̀kọ́ máa gbà mí padà. Èmi tí mo sá fún ìjókòó, ìjókòó wá di ẹrù mi.

Kíṣìnnì ẹ̀yìn ilé ni mo jókòó sí. Mo tètè mọ̀ pé èèyàn kì í sọ nǹkan kan kí ìkòkò tó kaná. Tí ọbẹ̀ bá ti ń hó, ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Mo pa ìbéèrè "ṣé iṣẹ́ tẹ́ yín lọ́rùn" tì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń ṣe tí wọ́n bá débi iṣẹ́ láàárọ̀. Nígbà tí mo bi ìyá kan ní iye ọmọ rẹ̀, ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ jí wọn gbé. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ó sì yẹ kí n ti mọ̀. Ìyá Ìbejì sọ fún mi pé Tébù Mẹ́fà, nọ́ńbà tábìlì òun, ni orúkọ òun níbi iṣẹ́, àti pé àwọn ìbejì òun kì í jẹ bísíkíìtì, nítorí òórùn rẹ̀ ni wọ́n ń gbọ́ lára ìyá wọn láti ìgbà tí wọ́n ti wà lọ́mú. Ọkùnrin kan tó ń dé ìgò ike ní ọwọ́ òun ṣì máa ń dé ìgò tí òun bá sùn. Mo ṣèlérí fún gbogbo wọn pé mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi rí orúkọ níhìn-ín náà. Kí n má parọ́, mo gbádùn ẹ̀. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo gbàgbé pé iṣẹ́ ni mo wá ṣe.

Ohun kan ṣoṣo tí kò tíì tú lọ́kàn mi ni ọ̀rọ̀ èmi àti Màmá. Mo ń kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n ń dáhùn, ṣùgbọ́n mi ò tíì bẹ̀ wọ́n nípa ọ̀rọ̀ tí mo sọ. Mi ò mọ ibi tí màá gbà wọ̀ ọ́. Ojoojúmọ́ ni mo ń sún un síwájú.

Nígbà tí ó ku ọjọ́ méjì kí oṣù méjì pé, mo ti ní mọ́kànlá. Ẹni kejìlá jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin kan ní yàrá kẹta, tó ń ṣiṣẹ́ nàílọ́ọ̀nù, tó ti ní kí n wá bá òun lọ́sàn-án Sátidé. Mo dé, àgádágodo ló wà lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀. Wọ́n ti ní kó má wá sí iṣẹ́ mọ́, ó sì ti kó ẹrù lọ sí Ìjẹ̀bú ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Àwọn tó kù nínú ilé àti nínú ìjọ, bí mi ò bá tíì bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n wà níbi iṣẹ́ di Mọ́ńdè. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọwọ́ lẹ́rán.

"Mélòó ló kù?" Màmá bi mí.

"Ẹnìkan, Mà."

"Èmi ńkọ́?"

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. "Mà, òṣìṣẹ́ kọ́ńpìnnì ni mò ń wá. Onílé ni yín."

Màmá wọlé, wọ́n gbé Bíbélì jáde, wọ́n fa káàdì kan yọ láàárín Orin Dáfídì. Káàdì òṣìṣẹ́ ni, igun rẹ̀ ti jẹ. Nínú fọ́tò, ọmọbìnrin tínínrín kan tó dirun olówùú ń wo ẹni tó ń yà á bí ẹni pé ó fẹ́ bá a jà. Ilé iṣẹ́ aṣọ híhun kan ní Ìkẹjà ni, ó ti kógbá sílé kí n tó dáyé. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni Màmá fi dúró ti ẹ̀rọ ìhunṣọ, káṣúà ni wọ́n sì jẹ́ títí tí wọ́n fi ti ilé iṣẹ́ náà. Bàbá mi kéré nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ohun tó mọ̀ ni pé ẹ̀gbọ́n òun máa ń lọ sí iṣẹ́.

"Ariwo ẹ̀rọ yẹn," Màmá ní, "tí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ bá ń kígbe, ẹnu ẹ̀ lo máa máa wò. Kí wọ́n tó ti ibẹ̀ ni etí òsì yìí ti lọ. Ọ̀tún ni mo fi ń gbọ́ díẹ̀díẹ̀."

Mo wo Màmá. Mo rántí ohùn ṣọ́ọ̀ṣì, àti bàbá mi tó ń sín in jẹ. Mo rántí ọjọ́ tí mo dúró lórí wọn, tí wọ́n gbé ojú kúrò lára mi. Etí ọ̀tún ni wọ́n gbé wá. Wọ́n fẹ́ gbọ́ ohun tí ọmọ àwọn ń sọ ni, wọn ò gbọ́ ọ dáadáa, wọ́n ní kí n tún un sọ, èmi náà sì tún un sọ. Ojú tì mí débi tí mi ò lè mú báírò.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa, Mà? Láti ọjọ́ yìí wá?"

"Ẹ ò bi mí."

Ẹni tó bá ń múra àtipa òwe Sókótó àti ṣòkòtò fún mi, kó rọra; Ọ̀jọ̀gbọ́n ti pa á lọ́jọ́ tí mo gbé iṣẹ́ náà lọ. Méjìlá pé, mo gba oyè mi, mo sì ti ń kọ́ àwọn mìíràn ní ìlànà ìwádìí báyìí. Báírò aláwọ̀ ewé kan máa ń wà nínú àpò mi.

Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án Sátidé yẹn, kí n tó béèrè ohunkóhun, mo dìde, mo gbé àpótí ìjókòó mi kúrò lósì, mo gbé e sí apá ọ̀tún Màmá. Mo kúnlẹ̀. Mo sún mọ́ etí wọn, mo ní kí wọ́n má bínú, mo ní wọn ò ba ayé mi jẹ́ rí.

"Tún un sọ," Màmá ní.

Mi ò mọ̀ bóyá wọn ò gbọ́ ni, tàbí ó dùn mọ́ wọn. Mi ò sì bi wọ́n. Mo tún un sọ.